Ta ló ń sọ ìtàn Joker? Èsì mi fún àbúrò wa kan l'Óńdó

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́fà la máa ń kóra jọ ní Sátidé l'Óńdó níbí, nínú yàrá ọ̀rẹ́ wa kan, a máa ń ka kọ́míìkì. Oṣù tó kọjá a ka Joker, ìwé nípa ọ̀daràn tó jẹ́ ọ̀tá Batman, akọni tó ń fi ìbòjú jà, èyí tí Brian Azzarello kọ tí Lee Bermejo ya àwòrán ẹ̀. Ìjà ló dà o. Àwọn méjì ní kò sí kọ́míìkì tó dáa tó o láyé yìí, pé kò sẹ́ni tó dà bíi Joker, ó ń sọ òótọ́, kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ẹnì kan ní àwòrán nìkan ló dáa níbẹ̀, ẹnì kan ní kò nítàn nínú rárá, ìpànìyàn lásán ni. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wa kàn pa ìwé dé, ó ní òun ò kà á mọ́. Èmi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rí i dáadáa nínú wa? Àbí èmi ni mi ò mọ kọ́míìkì kà? Àbúrò ọ̀rẹ́ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 náà tún ń fẹ́ kà á, ṣé ká fún un?"

Àbúrò, o káre, o ṣeun tó o bèèrè. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀: ọmọ ọdún 14 yẹn, ẹ má fún un o. Ìwé àgbàlagbà ni. Ìtàn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n ti bó awọ lára ọkùnrin kan láàyè, tí wọ́n tì í jáde sórí pèpéle níwájú èèyàn. Èmi tí mò ń fi àwòrán jẹun, ojú ìwé yẹn ṣì máa ń dùn mí nínú. Batman tó yẹ ọmọdé pọ̀ bíi yanrìn, ẹ wá òmíì fún un, tó bá dàgbà á bá eléyìí níbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ oorun ló kàn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé àìmọ̀wéékà ló fà á. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ìwé yìí, inú ṣọ́ọ̀bù mi l'Ákúrẹ́ níbí ni, lápá Ọyẹ́mẹ́kùn, wọ́n ti mú iná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kà á, ìrẹsì tí mo rà kalẹ̀ tutù pátápátá mi ò mọ̀, nígbà tí mo sì rántí ẹ̀ mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́. Mo gbé e fún ajá. Ìwé tó bá lè ṣe èèyàn báyẹn, ẹni tó bá kà á tó sì sùn fọnfọn ni mo fẹ́ bi léèrè ọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní í sọ pé gbogbo yín lẹ rí i dáadáa, torí irọ́ ni. Mo ní ibi tí mo dúró sí. Àmọ́ kí n tó débẹ̀, jẹ́ ká sọ ohun tó fa ìjà yẹn gan-an.

Ṣó o rántí bá a ṣe ń wo fíìmù nígbà tá a wà ní kékeré? Ilé ẹni tó bá ní fídíò la máa ń rọ́ lọ, kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ gan-an ni ẹnì kan á ti máa bèèrè pé èwo ni ákítọ̀, èwo ni bọ́ọ̀sì. Ákítọ̀ kì í kú. Bọ́ọ̀sì á ṣe ìkà títí, á pa ọ̀rẹ́ ákítọ̀, á jí ìyàwó ẹ̀ gbé, tó bá wá ku díẹ̀ kó parí ákítọ̀ á lù ú bí ẹní lu bàrà, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́, kálukú á gba ilé ìyá ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa lófin yẹn, a kàn mọ̀ ọ́n ni. Nínú àlọ́ náà ńkọ́, Ìjàpá lè jalè oko títí, ó lè rẹ́ àna ẹ̀ jẹ, àmọ́ kí àlọ́ tó parí wọ́n á ti mú un, ìyà á ti jẹ ẹ́, àwa ọmọdé á sì gberin.

Wàyí o, nínú Joker, bọ́ọ̀sì ló jókòó sórí àga ákítọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Batman ò yọjú àfìgbà tí ìwé ti fẹ́ parí. Ẹni tó bá ń retí ákítọ̀, ebi ni yóò máa pa á látojú ìwé kan dé òmíì, ebi yẹn ló sì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ pé kò nítàn nínú.

Kì í ṣe àṣejù ọ̀rẹ́ yín náà sha. Àwọn tó ń ṣe kọ́míìkì l'Amẹ́ríkà fúnra wọn ló kọ́ òǹkàwé bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1940 tí Joker kọ́kọ́ jáde nínú kọ́míìkì Batman nọ́ńbà kìíní, ṣe ni wọ́n fẹ́ pa á kó tó parí, ọ̀bẹ ti wọlé sí i láyà, ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ wò ló ní rárá, irú bọ́ọ̀sì tó dáa báyìí ò ṣe é sọ nù, ni wọ́n bá sáré ya àwòrán kan kún un pé ó ṣì ń mí. Torí náà látọjọ́ tó ti dáyé ni wọ́n ti mọ̀ pé òun ló ń tajà. Àmọ́ lọ́dún 1954, nígbà tí àwọn òbí ń pariwo pé kọ́míìkì ń ba ọmọ jẹ́, tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ilé aṣòfin àgbà wọn, àwọn tó ń tẹ̀wé kó ara wọn jọ wọ́n fi òfin de ara wọn: ọ̀daràn ò gbọdọ̀ jọ ẹni tí òǹkàwé máa káàánú, rere gbọ́dọ̀ borí ibi, ọ̀daràn gbọ́dọ̀ jìyà. Òfin yẹn pẹ́ gan-an. Nígbà tí wọ́n fún Joker ní kọ́míìkì tirẹ̀ lọ́dún 1975, mẹ́sàn-án péré ló jáde tó fi kásẹ̀ nílẹ̀. Báwo lo ṣe fẹ́ ta ìwé tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ fìdí rẹmi lóṣooṣù? Ìwé tí ẹ̀yin kà yẹn, 2008 ló jáde, kò sí òfin tó dè é mọ́, bẹ́ẹ̀ àṣà tí òfin náà gbìn sí wa lọ́kàn ṣì wà níbẹ̀.

Ó tún ku nǹkan kan nípa 2008 yẹn. Oṣù keje ọdún yẹn ni fíìmù Batman tí Heath Ledger ti ṣe Joker jáde, oṣù kìíní ló sì kú, ariwo gba ayé kan. Ìgbà tí ọdún ń parí lọ ni ìwé yìí dé, Joker inú ẹ̀ náà sì ní àpá ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu méjèèjì. Ọ̀pọ̀ tó ń yin ìwé yìí bí ẹní yin òrìṣà, fíìmù yẹn ni wọ́n ń yìn, wọn ò mọ̀. Bi àwọn ọ̀rẹ́ yín méjèèjì pé kí ni Joker inú ìwé sọ tó wọ̀ wọ́n lọ́kàn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ inú fíìmù ni wọ́n sọ fún ẹ, o ti mọ ibi tí wọ́n dúró.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọnú ìwé. Ìtàn ẹ̀ ò le. Wọ́n dá Joker sílẹ̀ ní Arkham, ibi tí wọ́n ń ti àwọn ọ̀daràn tórí wọn dàrú mọ́ ní Gotham, ìlú Batman. Kò sẹ́ni tó rò pó máa jáde. Àwọn ọmọ ẹ̀ ti pín àdúgbò ẹ̀ mọ́wọ́, bí ìgbà tí ẹnì kan lọ ẹ̀wọ̀n tó dé tó bá a pé àwọn ẹbí ti ta ilẹ̀ ẹ̀ ní pùlọ́ọ̀tì pùlọ́ọ̀tì, àwa tá a wà ní ìpínlẹ̀ Óńdó tá a mọ ìjà ilẹ̀, o mọ ohun tí mò ń sọ. Ó wá ń lọ láti ọ̀dọ̀ ọ̀daràn kan sí èkejì: Killer Croc ló dúró tì í, ó lọ bá Penguin torí owó, ó lọ bá Riddler, ẹni tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ náà wá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni Harvey Dent, tí wọ́n ń pè ní Two-Face. Ó ń gba ilẹ̀ ẹ̀ padà, ó ń pa èèyàn lọ. Ìyẹn nìkan ni. Tó bá jẹ́ ìtàn Joker lò ń wá, o ti rí gbogbo ẹ̀ tán, ó sì fúyẹ́, mi ò jiyàn.

Àmọ́ kì í ṣe Joker ló ń sọ ìtàn yẹn o. Èyí ni gbogbo èèyàn ń fò kọjá. Àwọn àpótí kéékèèké tí ọ̀rọ̀ wà nínú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, látojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ẹnu Jonny Frost ni gbogbo ẹ̀ ti jáde. Jonny ò jẹ́ nǹkan kan. Jàǹdùkú kékeré kan ni, ìyàwó ti kọ̀ ọ́, òun ló fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun á lọ fi mọ́tò gbé Joker ní Arkham torí ó fẹ́ kí wọ́n mọ òun. Joker wọ mọ́tò, Jonny di dírẹ́fà, inú ẹ̀ dùn dé ọ̀run. A ò wọ inú orí Joker rí nínú ìwé yẹn, kò sí àpótí kan ṣoṣo tó sọ ohun tí Joker ń rò. Ẹni tá a wọ inú orí ẹ̀ ni ẹni tó ń wò ó tó sì ń fẹ́ dà bí i ẹ̀.

Mo mọ Jonny. Mi ò ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ní àdúgbò tí mo dàgbà sí l'Ákúrẹ́ níbí, ọmọkùnrin kan wà tó fi ọdún bíi mẹ́ta jù mí lọ, ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Bó ṣe di ọmọ ẹ̀yìn ọkùnrin kan ní gáréèjì báyìí, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó kọ́kọ́ ń bá a gbé báàgì, ó ń bá a ra sìgá, nígbà tó yá ó ń jókòó níwájú mọ́tò ẹ̀. Àbúrò, a jowú ẹ̀! Mi ò purọ́ fún ẹ. Tó bá ń kọjá, orúkọ la máa ń fi kí i, kó lè dá wa lóhùn lójú àwọn ọ̀rẹ́ wa. Ó máa ń sọ ìtàn fún wa lálẹ́, ọ̀gá ṣe báyìí, ọ̀gá ní kí wọ́n ṣe tọ̀hún, wọ́n sáré, èèyàn báyìí kúnlẹ̀, ó máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ń sọ ọ́, àwa náà á rẹ́rìn-ín. Ó tó ọdún kan kí n tó fura pé nínú gbogbo ìtàn yẹn, òun fúnra ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan rí, ó kàn wà níbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn kan, ó dé ibì kan, ó dákẹ́. Kò parí ẹ̀. Kò wá síbi tá a máa ń jókòó sí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí mo tún rí i, àpá wà lágbárí ẹ̀, ó ti kó lọ sábúlé ìyá ẹ̀ lápá Ìdànrè. Àwọn àgbà tí wọ́n ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́, àgùntàn yẹn ni Azzarello ní kó jókòó kó sọ ìtàn ajá fún wa, kò sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnu òun ti ń rùn àfìgbà tí ilẹ̀ ti ṣú.

Tó o bá kà á báyẹn, ìtàn kún inú ẹ̀ bámúbámú. Wo bí Jonny ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó ń ṣàlàyé Joker fún wa bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ó ń wá ìdí tó bọ́gbọ́n mu fún gbogbo nǹkan. Bí ìwé ṣe ń lọ, àlàyé ń dínkù. Harvey Dent kìlọ̀ fún un, ó gbọ́, kò kúrò. Ìyàwó tó ti kọ̀ ọ́, Shelly, kó sínú ẹ̀, kò kúrò. Ẹ̀rù ti ń bà á gan-an nígbà yẹn, àmọ́ ẹ̀rù àti ìfẹ́ ti pò pọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí tí o ò fi rí oorun sùn nìyẹn, lójú tèmi: kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló dí ẹ lọ́wọ́, fíìmù tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ju tiẹ̀ lọ o ti wò ó o sì sùn. Jonny ti fà ẹ́ dé iwájú mọ́tò, o sì jókòó.

Bàbá mi máa ń sọ nípa oṣù kẹjọ 1983 níbí, nígbà tí wọ́n kéde pé Omoboriowo ló wọlé gómìnà tí wọ́n ní Ajasin ò wọlé, kí kóòtù tó padà dá a fún Ajasin. Ilé jóná l'Ákúrẹ́, èèyàn kú. Ohun tí kì í kúrò lẹ́nu bàbá mi kì í ṣe àwọn olóṣèlú, ó máa ń sọ pé òun mọ lára àwọn ọmọ tó ń sáré lẹ́yìn àwọn tó gbé pẹtiróòlù, ọmọ tó ń kí òun láàárọ̀, ọmọ tó mọ̀wé. Ó máa ń bèèrè pé báwo ló ṣe dé ibẹ̀, kì í sì í rí ìdáhùn. Mi ò sọ pé kọ́míìkì Amẹ́ríkà kan dáhùn ìbéèrè bàbá mi o. Mo kàn mọ̀ pé ìbéèrè kan náà ni.

Torí náà, àwọn méjì tó ní kò sẹ́ni tó dà bíi Joker, pé ó ń sọ òótọ́, pé kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, mo fẹ́ kó o rọra sọ fún wọn pé ohun tí Jonny sọ lójú ìwé kìíní ni wọ́n ń sọ. Kí wọ́n lọ wo ohun tó sọ nígbẹ̀yìn. Mi ò bú wọn, àwa náà jowú ọmọ télọ̀.

Ẹni tó ní àwòrán nìkan ló dáa, òun ló sún mọ́ mi jù torí iṣẹ́ mi ni, àmọ́ "nìkan" yẹn ni mi ò gbà. Bermejo máa ń ya ojú èèyàn bí ẹni pé o lè fọwọ́ kan àgbọ̀n ẹ̀, aṣọ kùn-ún kùn-ún, ògiri tó ti ń hó, ọyẹ́ lára gíláàsì mọ́tò. Mick Gray ló fi yíǹkì tẹ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà, ìlà ẹ̀ mú, ó dúdú. Àmọ́ àwọn àwòrán kan wà tí Bermejo fúnra ẹ̀ parí, kò sí ìlà mímú nínú wọn mọ́, ó dà bíi kíkùn, ọ̀dà ń yọ́ wọnú ara wọn. Ẹni tí kò ya àwòrán lè má mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú ẹ̀ kàn máa dúró ni. Patricia Mulvihill ló pa á láró, kò sì fi àwọ̀ tó ń tàn síbi tí kò yẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé, nínú kọ́míìkì àtijọ́ tí wọ́n bá yìnbọn fún èèyàn, àwòrán fúnra ẹ̀ ń sọ fún ẹ pé eré ni. Bermejo gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ. Àwòrán yẹn pẹ̀lú ẹnu Jonny, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe: wọ́n jẹ́ kó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí o ò fi lè gbójú kúrò, nígbà tó o bá wá rí ohun tó ò ń wò, ó ti pẹ́. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí mò ń kọ́ ní yíyàwòrán tí mo ti fi hàn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo jẹ́ kí wọ́n wò ó kí n tó bò ó.

Ó kù sí obìnrin tó pa ìwé dé. Ibí ni mo fẹ́ kó o ti fara balẹ̀ jù, torí mo rò pé òun ló rí ohun tí ẹ̀yin yòókù ò rí, ó sì lè jẹ́ pé ṣe ni ẹ fi ariwo bò ó mọ́lẹ̀.

Harley Quinn, olólùfẹ́ Joker, wà nínú ìwé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ kà á. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Kódà "bẹ́ẹ̀ ni" kò sọ. Obìnrin tó jẹ́ pé níbòmíì, ẹnu ẹ̀ ló fi gbajúmọ̀! Ó yìnbọn, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, wọ́n bọ́ṣọ lára ẹ̀ fún wa láti wò. Shelly ńkọ́? Ohun tí Joker ṣe sí i, wọn ò yà á, wọ́n kàn jẹ́ kó yé wa pé ó fipá bá a lò pọ̀, kí ó lè fi jẹ Jonny níyà, bí ẹní gba gbèsè. Ìyà obìnrin di owó tí ọkùnrin méjì ń san fún ara wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ìwé náà ò padà lọ wò ó mọ́, kò bèèrè bó ṣe sùn, bó ṣe jí.

Mo ti gbìyànjú láti gbèjà ìwé yìí lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ó tó ọdún mélòó kan tí mo fi ń sọ ọ́. Mo máa ń ní: Jonny ló ń sọ ìtàn, Jonny ò ka obìnrin sí èèyàn, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi lóhùn, ojú Jonny la fi ń wò wọ́n. Àlàyé tó dùn létí. Mo ti jù ú nù. Torí Jonny yìí kan náà rí aṣọ Joker, ó rí sìgá, ó rí bí mọ́tò ṣe ń dún, ó tiẹ̀ yọjú lọ́jọ́ kan ó rí Joker tó kúnlẹ̀ tó dì mọ́ Harley tó ń sunkún bí ọmọ. Ẹni tí ojú ẹ̀ mú tó báyẹn, òǹkọ̀wé lè fi àyè kékeré kan sílẹ̀, àwòrán kan ṣoṣo, kí Shelly gbójú sókè wò wá tààrà, kó lè yé wa pé Jonny ló fọ́jú, kì í ṣe ìwé. Kò sí i. Ìwé náà fọ́jú pẹ̀lú ẹ̀ ni.

Ẹjọ́ yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1988, nínú The Killing Joke, tó jẹ́ ìtàn Joker náà, Joker yìnbọn fún Barbara Gordon, ọmọ ọ̀gá ọlọ́pàá Gotham, ó gba ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀, torí kó lè fi ya bàbá ẹ̀ ní wèrè. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé bínú, pàápàá àwọn obìnrin, pé báwo lẹ ṣe máa lo èèyàn bí ìṣáná. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Kim Yale àti John Ostrander gbé Barbara padà, ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ó ń fi kọ̀ǹpútà ran àwọn akọni tó kù lọ́wọ́, wọ́n ń pè é ní Oracle, ó sì fi bẹ́ẹ̀ wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó pa ìwé dé torí irú ọ̀rọ̀ báyìí, irú ẹ̀ ló ti tún kọ́míìkì ṣe sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó tún Shelly ṣe. Ẹ bẹ obìnrin yín yẹn fún mi kó má fi ẹgbẹ́ yín sílẹ̀.

Àwọn tó ń ráhùn pé Batman pẹ́ kó tó dé, ẹ má dá wọn lóhùn púpọ̀, ibi tó dé yẹn gan-an ló yẹ kó dé. Orí afárá ni. Joker tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ ya ẹnu ẹ̀ bi Batman pé kí ló dé tó bo gbogbo ojú tó wá fi ẹnu sílẹ̀ gbangba. Batman dá a lóhùn ní gbólóhùn kúkúrú kan, pé kóun lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ti ka kọ́míìkì púpọ̀, mi ò rò pé ìdáhùn tó ta mí bẹ́ẹ̀ tó mẹ́ta. Torí ọ̀rọ̀ yẹn ò dáa! Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ákítọ̀. Ákítọ̀ tá a ti ń dúró dè látìbẹ̀rẹ̀ wá lanu báyìí, ìkà ló jáde níbẹ̀. Joker bá yìnbọn mọ́ Jonny lábẹ́ àgbọ̀n, dírẹ́fà ẹ̀, ẹni tó lọ gbé e nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ lọ. Kò tiẹ̀ bínú sí i. Ó kàn wà nítòsí ni.

Níbẹ̀ ni Jonny ti wá sọ pé àìsàn ni Joker, pé kò ní oògùn, Batman nìkan ló wà. Àwọn kan ka ìyẹn sí ìyìn fún Batman. Tún un kà. Ó ní kò ní oògùn. Batman ò sí nípò oògùn nínú gbólóhùn yẹn, òun kàn ni nǹkan tó wà nígbà tí oògùn ò sí. Jonny sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú àgbọ̀n tó ti fọ́, létí afárá, àwọn méjèèjì ń jà lẹ́yìn ẹ̀, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn wò ó.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣì máa jókòó lé e lórí, ohun tí mo máa ń ṣe rèé: ẹ ka àpótí Jonny nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ má wo àwòrán. Kò ní í gbà ju wákàtí kan lọ. Lẹ́yìn náà ẹ wo àwòrán nìkan, ẹ má ka ọ̀rọ̀. Ẹ máa rí ibi tí ẹnu Jonny àti ojú Bermejo ò ti bára mu, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn yín, á dáa ju "ó dáa" àti "kò dáa" lọ. Kí obìnrin yẹn sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin ọkùnrin panu mọ́ títí tó fi máa parí.

Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ àtèyí tó tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá rí mọ́tò wọ̀ wá l'Ákúrẹ́, ẹ mú ìwé yín dání, tèmi ti ya lójú afárá yẹn torí mo ti ṣí i jù. Sọ fún obìnrin yẹn kó wá o. Mo fẹ́ kó fi ojú ìwé tó ti pa á dé hàn mí.